Ọdún Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Bá Òkú Wá Ilé

Wọ́n pè mí sí ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìjerò pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi fún àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ìwé. Wọ́n ti pe nọ́ọ̀sì kan ṣáájú mi, wọ́n ti pe lọ́yà kan. Nígbà tí mo sọ pé mọ́ṣúárì ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára. Aago lù kí n tó dé ibi tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá ń ro iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé lè kà á dé ìsàlẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo parí ìwé mẹ́wàá, kò sí owó láti tẹ̀ síwájú, ọsibítù ìjọba kan ní agbègbè wa sì ń wá ẹni tí ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe é kà. Ìkọ̀wé mi dára. Wọ́n gbà mí. Owó oṣù kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Fámúyìwá, ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbóhùn sókè. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òkú kankan. Ìwé pélébé ni mo ń gé, okùn ni mo ń ti bọ ihò ìwé náà, mo sì ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ. Pẹ́ńsù, kì í ṣe báírò. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó bu oògùn tí a fi ń tọ́jú òkú sínú ife, ó ti ìwé tí mo fi báírò kọ bọ̀ ọ́, ó ní kí n lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, ìwé náà ti funfun báláú. Ó ní, "Orúkọ ènìyàn lo fi omi fọ̀ yẹn."

Ìgbà tó yá, ó kọ́ mi bí a ṣe ń so ìwé náà mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òkú. Lọ́jọ́ kan mo so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan nítorí ẹsẹ̀ bàbá náà wú. Ọ̀gá ní kí n tú u, kí n gé ìwé mìíràn, kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n sì kà á sókè.

Mo ní, "Kí n kà á fún ta ni, Ọ̀gá?"

Ó ní, "Fún òun tó ni ín. Pè é. Tí o bá pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìwọ ni wàá ròyìn rẹ̀ níwájú Ọlọ́run."

Mo kà á. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò so orúkọ mọ́ òkú láì kà á sókè.

Òfin rẹ̀ kejì ni ti ìbéèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gba òkú, ìbéèrè mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ bi í: ta ni ọ́, kí lo jẹ́ sí òkú yìí, ta ló lè bá ọ jẹ́rìí? Ó ní a kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan, kódà bí ẹni náà bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn máa ń bínú. Obìnrin kan gbá mi létí rí. Ọ̀gá fún mi ní omi tútù, ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Bi í ní ẹ̀kẹta." Òwe rẹ̀ ni pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ní ìta, Ìyá Mọ́ṣúárì ni wọ́n ń pè mí kí n tó bí ọmọ kankan. Oníṣòwò kan ní ọjà máa ń ní kí n gbé owó sílẹ̀ lórí igi àtẹ rẹ̀, kò fẹ́ kí ọwọ́ wa kan ara. Ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, kò kọ̀ mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbùkún dé, ọmọ wa kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà wọ ilé wa. Ẹni tó bá ń rí ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́ kò lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sáré sọdá títì. Mo mọ iye ehín tó wà lẹ́nu Ìbùkún àti èyí tó ṣẹ́. Mo fi òwú pupa rán orúkọ rẹ̀ sí inú gbogbo aṣọ rẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀. Ó máa ń ní, "Màámi, ṣé àpò ìrẹsì ni mí ni?" Mo máa ń fa òwú náà já, mo máa ń mú ìbọ̀sẹ̀ kejì.

Ìbùkún wà ní ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ burúkú náà dé. Ọkọ̀ agbépo kan já ìjánu ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n, ó lọ kọlu bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ènìyàn bọ̀ láti ọjà, iná sì sọ. N kò ní sọ ohun tí mo rí. Mo lè sọ iye rẹ̀: òkú mẹ́rìnlá. Kò sí èyí tí ojú lè dá mọ̀. Ìdílé mẹ́rìnlá dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, oníkálukú ń pe orúkọ tirẹ̀, a kò sì lè nawọ́ sí òkú kan kí a ní òun nìyí. Iná mànàmáná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta, a kò sì lè tọ́jú wọn pẹ́. Àwọn aláṣẹ pinnu pé kí a sin gbogbo wọn sínú ibojì kan ṣoṣo ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Ọ̀gá Fámúyìwá ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ṣùgbọ́n ó gun ọ̀kadà wá. Ó bá wọn jà, kò borí. Nígbà tó rí i pé wọn yóò sin wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ó ní kí n kó àwọn ìgò oògùn kéékèèké tó ti ṣófo wá, mẹ́rìnlá. Ó ní kí a di òkú kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ tirẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sínú ìwé, mo ká a sínú ìgò, mo fi ìda dí ẹnu rẹ̀, mo sì dì í mọ́ òkú. Ó ní, "Bí wọn ò bá tíì lórúkọ, kí wọ́n ní nọ́ńbà. Ẹnì kan á wá béèrè."

A ka nọ́ńbà náà sókè, ọ̀kan sí mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n.

Ọdún mẹ́jọ kọjá kí ẹnì kan tó béèrè. Ọ̀gá mi ti kú. Ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà náà, ọ̀dà yóò sì gba orí ibojì kọjá. Àwọn ìdílé kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lórí ènìyàn àwọn. Bí àwọn onímọ̀ kan ṣe wá láti yunifásítì nìyẹn. Dókítà Bísí ló ṣáájú wọn, obìnrin tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, tó sì ń pè mí ní Ìyá Ìbùkún láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó mú àwọn irinṣẹ́ tí n kò rí rí wá: ayùn kékeré tó ń lo iná, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí òwú wà lórí rẹ̀ fún ẹnu, lébẹ́lì tí ẹ̀rọ ń tẹ ìlà dúdú sí. Nígbà tó rí àwọn ìgò Ọ̀gá nínú ilẹ̀, tí ó ṣí ọ̀kan, tó rí pẹ́ńsù tó ṣì dúdú kedere, ó jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ yín?" Mo sọ fún un.

Ó ṣàlàyé àyẹ̀wò DNA fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ìyá rẹ̀. Nínú itọ́, nínú ẹ̀jẹ̀, nínú eegun ènìyàn, ohun kan wà bí ìwé tí a kọ kékeré gan-an. Ìdajì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìdajì wá láti ọ̀dọ̀ bàbá. Iná lè jó ara, òjò sì lè rin ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ehín ńlá tó wà lẹ́yìn àti nínú eegun itan, díẹ̀ lára ìwé náà máa ń ṣẹ́ kù. A ó kà á. A ó ka tàwọn ẹbí náà láti inú itọ́ wọn. Èyí tó bá bára mu, ilé òkú náà nìyẹn. Mo ronú pé òfin Ọ̀gá mi ni wọ́n gbé wọ inú ẹ̀rọ: ta ni ọ́, kí lo jẹ́ sí òkú yìí, ta ló lè bá ọ jẹ́rìí?

Iṣẹ́ tèmi ni láti gba itọ́ àwọn ẹbí, kí n sì kọ fọ́ọ̀mù wọn. A ṣe é ní gbọ̀ngàn ìlú kan ní Arámọkọ. Lọ́jọ́ náà Ìbùkún ní ibà, ọkàn mi wà nílé, mo ti pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà kí ọ̀sán tó pọ́n. Obìnrin kan láti Ìdó-Ilé jókòó síwájú mi. Ó ní òun wá nítorí Fúnmiláyọ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Omijé ń wọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kí ó la ẹnu.

Ó ní, "Ṣé ẹ máa rí ẹ̀bà tí mo jẹ láàárọ̀?"

Mo ní, "Bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá dùn, mo máa rí i."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé. Lórí ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ohun tó jẹ́ sí òkú, mo kọ "ìyá". N kò bi í. Ó dà bí ìkà lójú mi láti wo ojú abiyamọ tó ń sunkún kí n ní, ṣé ìwọ lo bí i lóòótọ́? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fò láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, èsì dé. Mẹ́tàlá nínú wọn rí ilé. Ìgò kọkànlá kò bá ẹnikẹ́ni mu. Ìdílé kan sì ṣẹ́ kù tí kò bá òkú kankan mu: ìdílé Fúnmiláyọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ní, "Òkú kan ló kù, ìdílé kan ló kù. Kí la tún ń wò? Ẹ fún wọn kí a máa lọ."

Dókítà Bísí mi orí. "A kì í fi ìyókù dá òkú mọ̀, sà. Bọ́ọ̀sì máa ń gbé èrò lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn kò bá a mu, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò lọ sin kọkànlá sí itẹ́ òkú ìjọba ní ìgboro, láàárín àwọn tí kò ní orúkọ. A kì í ṣí irú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo lọ kó àwọn fọ́ọ̀mù mi jáde, mo kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ti obìnrin Ìdó-Ilé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ tí ẹni náà bí, mo rí ìkọ̀wé ara mi tó mọ́ kedere: "ọkùnrin mẹ́ta."

Ọkùnrin mẹ́ta. Fúnmiláyọ̀ dà? Ó sọ òtítọ́ fún mi, mo sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́, n kò rí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Arámọkọ, mo gun ọ̀kadà dé Ìdó-Ilé. Mo sọ fún Dókítà Bísí kí n tó lọ, ó sì fún mi ní ọ̀pá òwú méjì nínú ọ̀rá tí a kò tíì ṣí. Nínú agbo ilé náà, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí jókòó lábẹ́ igi ọsàn.

Ó ní, "Ìyá Mọ́ṣúárì! Ṣé àkókò mi ti tó ni, àbí o kàn wá wọn gígùn mi?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ gùn ju tábìlì mi lọ. Ẹ dúró sí ulé yín ná."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Obìnrin tí mo gba itọ́ rẹ̀ yọ láti inú ilé, ó rí mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ìyá Dàpọ̀ ni wọ́n ń pè é, ìyàwó àbúrò bàbá Fúnmiláyọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ibi tí wọ́n sá kòkó sí, obìnrin kan tó rù wà tó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó náà, kò gbójú sókè. Mo mọ̀ pé òun ni ìyá Fúnmiláyọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Ìyá Dàpọ̀ ní, "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo lọ. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọ́n ní kí abiyamọ má tọ òkú ọmọ rẹ̀ lọ. Mo ní jẹ́ kí n bá a lọ. Ẹnu ni ẹ ní ẹ fẹ́ wò. Ìkòkò kan náà ni àwa méjèèjì fi ń jẹun láti ọgbọ̀n ọdún, mo rò pé ẹnu wa ò lè yàtọ̀."

N kò lè bá a wí. Èmi ni mo yẹ kí n béèrè. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn: "Èmi ni mo ṣì í. Mo fo ìbéèrè kan." Mo sọ ọ̀sẹ̀ méjì náà, mo sọ itẹ́ tí kò lórúkọ. Mo ní, bí ìyá tó bí i bá la ẹnu, a ó mọ̀ bóyá òun ni tàbí òun kọ́.

Bàbá mi orí. "Rárá. Ọmọkùnrin kan ló kù fún un. Kí abiyamọ fi itọ́ ara rẹ̀ wá òkú, ikú ló ń pè wálé yẹn. Ṣé o bímọ, ìwọ?"

Mo ní, "Ẹyọ kan, Bàbá. Mo rán orúkọ rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ẹ̀rù."

Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní, "Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń wá a kiri, Bàbá. Tó bá jẹ́ Fúnmi ló wà nínú àpótí yẹn, òun ló ń béèrè ọ̀nà ilé láti ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn."

Ẹsẹ̀ tó ń yí kòkó dúró. Obìnrin tó rù náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bàbá, wọ́n ní kí n má lọ. N ò lọ. Inú ilé yìí ni mo wà."

Bàbá gbà. Ó ní kí a ṣe é nínú yàrá ìyá Fúnmi, níbi tó bí ọmọ náà sí, kí n má sì dárúkọ ibojì lójú rẹ̀. Mo wọlé. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo ya ọ̀rá ọ̀pá òwú náà. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, mà. Ta ni yín? Kí lẹ jẹ́ sí Fúnmiláyọ̀?"

Ó ní, "Èmi ni mo bí i."

"Ta ló lè bá yín jẹ́rìí?"

Ìyá Dàpọ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Lórí ẹní yẹn."

Ìyá Fúnmi la ẹnu.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, Dókítà Bísí pè mí. Kò kí mi. Ó kàn ní, "Ìyá Ìbùkún, ó bára mu."

Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sílé, àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé ti gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé. Ìyá rẹ̀ jókòó nínú yàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Mo dúró pẹ̀lú àpótí náà lọ́wọ́. Kí wọ́n tó gbà á, mo ṣe ohun tí Ọ̀gá mi kọ́ mi: mo ka ìwé ara rẹ̀ sókè. "Fúnmiláyọ̀."

Láti inú yàrá, láì yí ojú padà, ìyá rẹ̀ dáhùn: "Ó ti dé."

Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, Ìyá Dàpọ̀ máa ń gbé méjì wá fún mi ní Ìjerò, ọ̀kan láti ọwọ́ tirẹ̀, ọ̀kan láti ọwọ́ ìyá Fúnmi. Ọmọkùnrin tó ṣẹ́ kù ti gbéyàwó, ó ti bí ìbejì. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ fún ọ̀gá tó le, fún ọkọ tí kò kọ̀ mí, fún àsìṣe tí wọ́n ṣì fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún ṣe. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń rí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìbùkún ní irú iṣẹ́ Dókítà Bísí ni òun fẹ́ kọ́. Mo kọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe báńkì. Mo ní kó ṣe ohunkóhun tí kì yóò jẹ́ kí ó máa rí ohun tí mo rí. Ó ní, "Màámi, ta ni yóò wá bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta náà?" Ní oṣù tó kọjá ni mo sìn ín dé ibi ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí yunifásítì. N kò rán orúkọ sínú aṣọ rẹ̀ kankan. Pẹ́ńsù kan ni mo gbé lé e lọ́wọ́, mo sì ní, "Béèrè. Bí wọ́n bá ń sunkún pàápàá, pẹ̀lẹ́ ni kí o fi béèrè, ṣùgbọ́n béèrè."